Zùwáírátù àti Ẹ̀rọ Tí Kò Gbọdọ̀ Sọ Pé Kò Sí

Ẹni tí kò bá tíì gbé aṣọ fún télọ̀ rí n'Íbàdàn, kò tíì mọ ohun tí wọ́n ń pè ní irọ́. Sàídátù, ìyá Zùwáírátù, télọ̀ ni l'Ágbówó. Bí oníbàárà bá yọjú, tí aṣọ ẹ̀ ṣì wà nínú ọ̀rá bó ṣe gbé e wá, tí sísọ́ọ̀sì ò tíì kàn án rárá, Sàídátù á rẹ́rìn-ín músẹ́, á ní, "Ó ku bọ́tìnnì. Ẹ padà wá lọ́la." Tó bá di ọ̀la, á ku ọrùn. Tó bá di ọ̀túnla, NEPA ti mú iná lọ. Kò ní sọ láéláé pé, "Mi ò tíì gé e."

Zùwáírátù jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ yẹn láti kékeré, ó ń ṣa òwú, etí ẹ̀ sì ń gbọ́. Lọ́jọ́ kan, ọmọge kan dé tí ìgbéyàwó ẹ̀ ku ọ̀la. Sàídátù ní ó ku bọ́tìnnì. Ọmọ náà, tí kò tíì kúrò nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, gbójú sókè.

"Àǹtí, irọ́ ni o. Ó wà lábẹ́ àga níbẹ̀ yẹn. Wọn ò tíì gé e."

Ìgbátí tí ìyá ẹ̀ fún un, etí ẹ̀ hó gooro. "Olórí líle! Ṣé o fẹ́ kó gbé aṣọ ẹ̀ lọ sọ́dọ̀ télọ̀ mìíràn ni? A kì í sọ pé kò sí fún èèyàn. Padà wá là ń sọ. Ẹni tí wọ́n bá ní kó padà wá kì í lọ síbòmíràn."

Ẹ fi gbólóhùn yẹn sápò. Òun ló pa ọmọ náà nígbẹ̀yìn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ṣì ń mí.

Nígbà tó dàgbà tí JAMB jù ú nù, ó lọ ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tẹ prójẹ́ẹ̀tì ní ṣọ́ọ̀bù kan tó kọjú sí gééètì yunifásítì. Ibẹ̀ ló ti fojú kan kọ̀ǹpútà. Akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń lọ sókè òkun fún un ní àwo Linux kan, ìyẹn ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, tí wọ́n ń pín lọ́fẹ̀ẹ́ pẹ̀lú gbogbo ohun tí wọ́n kọ sínú ẹ̀, kí ẹni tó bá lójú wò ó. Zùwáírátù lójú. Ó kà á bí ọmọ kéú ṣe ń ka Kùránì: ó kọ́kọ́ ń kà á láìmọ ìtumọ̀, ìtumọ̀ wá bá a lẹ́yìn. Nígbà tó fi máa di pé ọdún 2000 ń kanlẹ̀kùn, ó ti wọlé sọ́dọ̀ Ògúnsànyà, ẹni tó ń ta prógíráàmù kọ̀ǹpútà ní Ring Road, lókè ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń ta táyà.

Ògúnsànyà yìí, ẹ má rò pé òpè ni. Ó kàwé l'Ámẹ́ríkà, ó mọ iṣẹ́ náà dunjú. Ohùn ẹ̀ ń yọ̀ bí àdí. Kò sẹ́ni tó gbọ́ "rárá" lẹ́nu ẹ̀ rí, títí kan àwọn tó ń tọrọ ohun tí wọn ò lè rí gbà títí wọ́n fi máa kú. Ó gba Zùwáírátù gẹ́gẹ́ bí ọmọ iṣẹ́. Ọmọ iṣẹ́ yìí náà ló ń kọ prógíráàmù tí wọ́n ń tà, òun náà ló ń gbálẹ̀.

"Ọ̀gá, ìgbà wo lẹ máa gbà mí síṣẹ́ gidi?"

"Lẹ́yìn Ràmàdáánì."

Ràmàdáánì lọ. Ó di lẹ́yìn Kérésì. Kérésì lọ. Ó wá di lẹ́yìn Dùgbẹ̀.

Ohun tó wà ní Dùgbẹ̀ ni Bàbá Ayẹni, tó ń ta oògùn òyìnbó ní páálí-páálí fún àwọn oníkẹ́míìsì láti Ṣakí títí dé Ìṣẹ́yìn. Ó fẹ́ kí àwọn atajà ẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, kí gbogbo wọn máa rí ọjà kan náà. Ògúnsànyà lọ ra kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ kan ṣoṣo, tí wọ́n máa so ojú mẹ́fà mọ́, tí mẹ́mọ̀rì ẹ̀ sì kéré bí ikùn èèrà, ó ní kí Zùwáírátù mú un tó.

Mẹ́mọ̀rì, ẹ fi wé tábìlì télọ̀. Aṣọ tó wà lórí tábìlì nìkan ló ṣeé gé. Ìyókù wà nínú àpótí, ìyẹn dísíkì. Ẹ̀rọ a máa pín gbogbo ẹrù ẹ̀ sí ojú ewé, ojú ewé. Tí prógíráàmù kan bá nawọ́ sí ojú ewé tí kò sí lórí tábìlì, kánẹ́ẹ̀lì, ìyẹn ọ̀gá pátápátá tó jókòó sí àárín ẹ̀rọ, á dá a dúró gbọnrangandan, á rán ìránṣẹ́ lọ wá ojú ewé náà. Ìránṣẹ́ yìí, prógíráàmù pẹ́ńpẹ́ kan ni. Òun ni Zùwáírátù ní láti kọ fún Dùgbẹ̀. Kí ìránṣẹ́ lọ wá nǹkan ò le. Èsì tó máa mú bọ̀ ló le.

Ó kọ èsì mẹ́ta. Ọ̀kan ní: mo rí i, òun rèé. Òmíràn ní: kò sí irú ojú ewé bẹ́ẹ̀ láyé yìí, ẹni tó rán mi ti ṣìnà. Èyí tó kù ní: ó wà o, ṣùgbọ́n tábìlì ti kún, kò sí àyè. Tí kánẹ́ẹ̀lì bá gbọ́ pé nǹkan ò sí tàbí pé àyè ò sí, á pa prógíráàmù tó béèrè, á sì sọ ìdí tó fi pa á. Atajà á rí i lójú kọ̀ǹpútà, á tún un ṣí. Ẹni tó kú á ti fi àyè sílẹ̀ lórí tábìlì, ọjà á máa lọ. Zùwáírátù a máa sọ pé kò sí ohun tó jọ àánú nínú ẹ̀rọ tó ikú kíákíá.

"Àlájà apànìyàn," ni Olúṣẹ̀yẹ ń pè é. Olúṣẹ̀yẹ yìí ló kàwé jáde ní yunifásítì, òun náà ló ń bá a jókòó nínú ọ́fíìsì. Ọmọ dáadáa ni, tó bá jẹ́ pé kò sí ohun tó máa ná an.

Ọjọ́ tí ọ̀gá wá wò ó, wọ́n ṣí ojú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ọ̀kan kú. "Kò sí àyè," ló hàn lójú ẹ̀.

"Kí ló ṣẹlẹ̀ yẹn?"

"Ó kú, sà. Àyè ò sí, ló bá kú. Ẹ tún un ṣí, ẹ ó rí i."

"Níwájú Bàbá Ayẹni? Kí n gbé ẹ̀rọ tó ń kú lọ bá ẹni tó ń ta oògùn?"

Olúṣẹ̀yẹ rẹ́rìn-ín. Zùwáírátù ò rẹ́rìn-ín. "Ẹ fi mẹ́mọ̀rì kún un, sà."

"A máa fi kún un, tó bá ti wu bàbá tán. Gbọ́, bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, báwo là ń jẹ́ ẹ?"

"Tọmọ là ń fi jẹ́ ẹ, sà."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Ìránṣẹ́ tìrẹ yìí ò ní ẹ̀kọ́ ilé. Tí àyè ò bá sí, kó ní kí wọ́n ní sùúrù. Kó ní kí wọ́n padà wá."

"Ẹ̀rọ ò ní bàbá, sà, kò ní ìyá. Kò mọ iṣẹ́ ẹrú, kò mọ tọmọ. Tẹ́ ẹ bá ní kó padà wá, á padà wá. Á tún padà wá. Kò ní sú u."

"Kó tó padà dé, àyè á ti yọ."

"Ta ló máa yọ ọ́? Kálukú wọn ló máa jókòó sórí èyí tó wà lọ́wọ́ ẹ̀, táá máa retí ti ẹnì kejì. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká fi òpin sí i. Kó béèrè, béèrè, títí dé ibì kan, kó wá sọ pé kò sí."

"Òpin yẹn náà, rárá ni. O kàn wọ aṣọ fún un ni." Ọ̀gá fa àga mọ́ra, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Zùwáírátù, mo mọ̀ pé òótọ́ lò ń sọ. Ta ló béèrè òótọ́ lọ́wọ́ wa? Ṣe èyí fún mi. Lẹ́yìn Dùgbẹ̀, o ti di òṣìṣẹ́ gidi."

Ẹ bá mi wo ìkà! Ẹni tí kò mọ̀, èèyàn lè dárí jì í. Èyí mọ̀, ó sì ní kí ọmọ ọlọ́mọ fi ọwọ́ ara ẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Ó tẹ̀ ẹ́. Kí ló fẹ́ ṣe? Ó ti ń gbálẹ̀ látọjọ́ yìí, ó fẹ́ dẹ́kun. Ó pa èsì kò sí àyè rẹ́, ó fi ẹ padà wá síbẹ̀, kò sì fi òpin kankan sí i. Nígbà tó délé tó sọ fún ìyá ẹ̀ pé lẹ́yìn Dùgbẹ̀ òun á di òṣìṣẹ́, Sàídátù yọ ànkárá aláró kan jáde láti ìsàlẹ̀ àpótí, ó ní òun máa rán an fún un, kó lè rí nǹkan wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Lójú ẹsẹ̀ ló gé e. Zùwáírátù ò rí i kí ìyá ẹ̀ gé aṣọ lọ́jọ́ tó délẹ̀ rí.

Wọ́n gbé ẹ̀rọ dé Dùgbẹ̀ láàárọ̀. NEPA pàápàá fi iná sílẹ̀, àfi bí ẹni pé wọ́n fẹ́ wòran. Àwọn oníkẹ́míìsì ti kún ṣọ́ọ̀bù, Bàbá Ayẹni dé fìlà abetí-ajá, ó jókòó bí ẹni tó ń retí ìyàwó tuntun. Atajà kan ṣí, ó dáa. Èkejì ṣí, ó dáa. Ògúnsànyà ń fọwọ́ ra ọwọ́. Nígbà tí ẹ̀kẹfà ṣí, ojú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà gan. Àmì pẹ́ńpẹ́ tó máa ń ṣẹ́jú lójú ẹ̀rọ ò ṣẹ́jú mọ́.

Wọ́n dúró. Wọ́n tún dúró.

"Ṣé ó kú ni?" ni Bàbá Ayẹni bi wọ́n.

"Ó wà láàyè, Bàbá," ni Ògúnsànyà dáhùn. "Ó ń ronú."

Obìnrin kan tó wá láti Ìṣẹ́yìn lu pátákó ìtajà. "Parasítámọ̀ ni mo ní kó tà fún mi, àbí ìyàwó ló fẹ́ fẹ́, tó fi ń ronú tó báyìí?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Zùwáírátù dúró sẹ́yìn, òógùn ń bò ó. Òun ń rí wọn lọ́kàn ní tiẹ̀, àwọn ìránṣẹ́ tó kọ, wọ́n ń sáré lọ, wọ́n ń sáré bọ̀, ẹ padà wá, ẹ padà wá, kálukú jókòó sórí ohun tí ẹnì kejì ń wá, ẹnikẹ́ni ò kú, ẹnikẹ́ni ò sì yè. Ara ẹ̀ ò gbà á mọ́.

"Ẹ pa iná ẹ̀, sà. Kò ní padà bọ̀ sípò."

Gbogbo ojú yí sí i. Bàbá Ayẹni bọ́ fìlà. "Ta ló kọ ohun tó ń ṣe é yìí?"

Ògúnsànyà wo Olúṣẹ̀yẹ. Olúṣẹ̀yẹ wo bàtà ara ẹ̀.

"Zùwáírátù ló kọ ọ́, sà," ni Olúṣẹ̀yẹ wí.

Òótọ́ ni! Ẹ ò rí i pé òótọ́ pọ́ńbélé ni? Ọjọ́ kan ṣoṣo tí òótọ́ máa dọ́jà Dùgbẹ̀, orí ẹni tó fẹ́ràn ẹ̀ ni wọ́n fọ́ ọ mọ́.

"Bàbá, ẹ má bínú," ni Ògúnsànyà ń bẹ̀ ẹ́, ohùn ẹ̀ ń sun epo. "Àánú ló ṣe mí tí mo fi gbà á. Ọmọ télọ̀ kan ni l'Ágbówó. Kò wọ yunifásítì. Ẹ̀gbẹ́ ọgbà ẹ̀ ló ń gbé."

"Ọmọ télọ̀!" Bàbá Ayẹni pàtẹ́wọ́. "Abájọ! Abájọ tó fi ní ká padà wá lọ́la!"

Ṣọ́ọ̀bù yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ wó. Obìnrin Ìṣẹ́yìn di ikùn mú. Atajà kan ní, "Ẹ bi í bóyá ó ku bọ́tìnnì." Olúṣẹ̀yẹ náà rẹ́rìn-ín, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: ó rẹ́rìn-ín, ó sì fọwọ́ bo ẹnu.

"Ẹ̀yin lẹ ní kí n..." ni Zùwáírátù bẹ̀rẹ̀.

"Zùwáírátù." Ọ̀gá fọwọ́ kan èjìká ẹ̀, jẹ́jẹ́, bí bàbá sí ọmọ. "Lọ sinmi nílé. A ó ránṣẹ́ sí ọ."

"Ṣé ẹ lé mi ni, sà?"

"Ta ló ní mo lé ọ? Sinmi ni mo ní."

Ó bá ń sinmi. Ẹni tó fi gbogbo ayé ẹ̀ kórìíra padà wá, òun ló wá ń padà lọ. Tó bá gun àtẹ̀gùn Ring Road, Olúṣẹ̀yẹ á ti dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Ọ̀gá ò tíì dé. Padà wá lọ́jọ́ Ẹtì." Tó bá di ọjọ́ Ẹtì, "Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ni, ẹ kọjá ara yín lọ́nà ni. Wá lọ́jọ́ Ajé." Ó mọ ohun tí wọ́n ń ṣe fún un. Ta ló tún máa mọ̀ ọ́n jù ú lọ? Síbẹ̀ ó ń lọ. Ẹni tí wọn ò tíì sọ pé kò sí fún, ara ẹ̀ ò lè sọ ọ́ fún un.

Láàárín ìgbà yẹn, obìnrin kan tó ń jẹ́ Ìyáàfin Títílọpẹ́, tó ní ọ́fíìsì kọ̀ǹpútà ní Bódìjà, ránṣẹ́ pè é. Obìnrin yìí ò lọ́rọ̀ púpọ̀ lẹ́nu.

"Mo gbọ́ pé o mọ inú kánẹ́ẹ̀lì. Àyè ẹnì kan wà níbí. Ṣé o ti kúrò lọ́dọ̀ Ògúnsànyà?"

"Wọn ò lé mi, mà. Wọ́n ní àwọn á ránṣẹ́."

"Ṣé wàá wá àbí o ò ní wá?"

"Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ lẹ́nu wọn ná, mà. Mi ò tíì gba fúríídọ̀mù."

Ẹni tó bá kọ́ṣẹ́ rí nílẹ̀ yìí mọ ohun tó ń sọ. Ọmọ iṣẹ́ kì í kúrò lọ́dọ̀ ọ̀gá láì jẹ́ pé ọ̀gá tú u sílẹ̀ níwájú èèyàn, kó gbé ọwọ́ lé e lórí, kó gbàdúrà fún un. Sàídátù náà ló tún tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn létí: "Ẹni tó bá sá kúrò lọ́dọ̀ ọ̀gá, iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ ò ní gbè é. Ní sùúrù. Wọ́n á pè ọ́." Ìyá ń wí, ó ń fi ẹ̀rọ rán ànkárá aláró náà lọ.

Ọ̀ràn yìí ì bá ṣì wà bẹ́ẹ̀ bí kì í bá ṣe pé Zùwáírátù gba Dùgbẹ̀ kọjá lọ́jọ́ kan, tí ẹsẹ̀ gbé e wọ ṣọ́ọ̀bù Bàbá Ayẹni. Ojú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wà lẹ́nu iṣẹ́. Bó ṣe dúró, ọ̀kan kú. "Kò sí àyè." Ọmọbìnrin tó ń tajà níbẹ̀ kò tilẹ̀ dẹ́kun gọ́ọ̀mù tó ń jẹ. Ó tún un ṣí, ó ń tajà lọ.

"Ta ló tún un ṣe?"

"Bọ̀ọ̀dá Olúṣẹ̀yẹ ni. Ọ̀gá wọn mú wọn wá. Wọ́n ní ẹni tó kọ́kọ́ ṣe é ló bà á jẹ́." Ọmọbìnrin náà ò dá a mọ̀.

Èsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ẹ̀ ni wọ́n dá padà, bó ṣe kọ ọ́. Ó fi ìbínú wọ mọ́tò dé Ring Road. Ọ̀gá ń ṣílẹ̀kùn mọ́tò ẹ̀ níwájú àwọn oní-táyà.

"Ẹ sọ pé rárá fún mi, sà."

"Zùwáírátù! Báwo ni màmá?"

"Ẹ sọ ọ́. Ẹ ní ẹ ò gbà mí. Ọ̀rọ̀ kan ni. Tẹ́ ẹ bá sọ ọ́, mo ti kú nìyẹn, mo ti tún ṣí."

Àwọn oní-táyà dẹ́kun ohun tí wọ́n ń ṣe. Ògúnsànyà wò wọ́n, ó sì tún wò ó. Ó rẹ́rìn-ín. Ó sún mọ́ ọn débi tó jẹ́ pé òun nìkan ló gbọ́ ọ.

"Mo ti gbọ́ pé Bódìjà pè ọ́. Tí mo bá ní rárá, ibẹ̀ lo máa gbà lọ. Ṣé mo jọ òpè lójú ẹ ni?" Ó wá gbóhùn sókè kí àwọn oní-táyà lè gbọ́. "Ṣebí mo ní kí o sinmi? Mo ṣì ń ronú nípa ẹ. Padà wá lọ́jọ́ Ajé."

Ó wọ mọ́tò. Ó lọ.

Ó wá yé Zùwáírátù. Ó gba Bódìjà lọ lójú ẹsẹ̀, kò gba fúríídọ̀mù, kò gba àdúrà, ó bá Ìyáàfin Títílọpẹ́ nídìí tábìlì.

"Mo ti dé, mà. Mo ti kúrò."

"Rárá," ni obìnrin náà wí. Kò tilẹ̀ ní kó jókòó. "A ti gba ẹlòmíràn. Kò sí àyè mọ́."

"Ta ni, mà?"

"Olúṣẹ̀yẹ, tí ẹ jọ wà níbẹ̀. Ògúnsànyà ò tíì mọ̀, má bá mi sọ ọ́. Ó fi iṣẹ́ kan tó ṣe ní Dùgbẹ̀ hàn wá. Ìránṣẹ́ tó ń mú èsì mẹ́ta bọ̀. Ó dán mọ́rán."

Olúṣẹ̀yẹ ò dúró de ìtúsílẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àwọn tó ní ìwé ẹ̀rí kì í gba fúríídọ̀mù.

Zùwáírátù kúnlẹ̀. "Ẹ ṣé, mà. Ẹ ṣé gan-an ni."

"Kí lò ń dúpẹ́ fún? Àbí ò ń bú mi ni?"

"Rárá, mà. Ẹ ti dá mi lóhùn."

Obìnrin náà ní kí wọ́n mú un jáde.

Nígbà tó dé Àgbówó, oníbàárà kan jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ojú ẹ̀ le koko, ọ̀rá aṣọ ẹ̀ wà lábẹ́ àga. Sàídátù ò tilẹ̀ wò ó. Ó tẹrí sórí ànkárá aláró, abẹ́rẹ́ wà lẹ́nu ẹ̀. Ó ti rán an tán, ọrùn ẹ̀ wà níbẹ̀, apá ẹ̀ wà níbẹ̀, ó ti lọ̀ ọ́ pàápàá.

"Ó ku bọ́tìnnì," ló wí, láti ẹ̀gbẹ́ abẹ́rẹ́. Lóòótọ́ sì ni. Ó gbójú sókè. "Ìwọ, kí ni wọ́n wí?"

Oníbàárà náà yíjú sí i, òun náà fẹ́ gbọ́. Zùwáírátù wo aṣọ. Ó wo ojú ìyá ẹ̀.

"Wọ́n ní kí n padà wá lọ́jọ́ Ajé."

"Ṣé ẹ rí i?" Sàídátù sọ fún oníbàárà, inú ẹ̀ dùn. "Mo ní wọ́n á pè é." Ó fi abẹ́rẹ́ wá bọ́tìnnì nínú agolo.